Ṣísẹ́lì Tí Wọ́n Kọ Íńgíláǹdì Sí

Apá òsì ọmọkùnrin náà kò ní irun kan ṣoṣo, ti ọ̀tún sì kún fọ́fọ́ bí koríko ìgbà òjò. Ohun tí Ìkẹ́olúwa kọ́kọ́ rí nìyẹn, kó tó rí ojú rẹ̀ rárá. Ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kó àga mẹ́fà lọ sí Ìpetumodù ti dúró lẹ́bàá ọ̀nà ní Ẹ̀dúnàbọ̀n nítorí táyà, awakọ̀ ti wọ abẹ́ rẹ̀ lọ, ni òun bá sọ̀kalẹ̀ láti na ẹsẹ̀. Lábẹ́ páànù kan tí èéfín ti sọ di dúdú, ọmọkùnrin yìí jókòó sórí kùkùté igi, ó gbé ṣísẹ́lì tuntun kan sókè sí oòrùn, ó di ojú kan, ó ń fi ekejì wo ẹnu irin náà bí ẹni ń ka lẹ́tà tó ti ń retí tipẹ́. Nígbà tó wò ó tẹ́rùn, ó na apá òsì, ó sì fi irin náà fá a láti ọrùn ọwọ́ lọ sókè. Kò sí irun tó kù níbẹ̀ láti fá. Ó wo apá náà, ó mí kanlẹ̀, ó wá ń wo apá ọ̀tún bí ẹni tó fẹ́ jí i.

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Ìkẹ́olúwa kó tó rántí pa á mọ́ra. Kì í ṣe ẹni tó máa ń bá àlejò sọ̀rọ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀, àwọn oníbàárà máa ń rò pé kò lè sọ̀rọ̀ rárá, títí wọn yóò fi gbọ́ tó ń sọ fún wọn pé ó dàbọ̀. Lọ́jọ́ náà, ó yà á lẹ́nu láti gbọ́ ohùn ara rẹ̀.

“Tí ẹ bá fá ọ̀tún náà tán, kí lẹ máa fi dán an wò?”

Ọmọkùnrin náà gbójú sókè. “Màá lọ fẹ́ ìyàwó tó nírun lápá.”

Ìkẹ́olúwa fa ìborùn rẹ̀ bo apá méjèèjì. Ọmọkùnrin náà rí i, ó sì rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò ní ẹ̀gàn nínú.

Iṣẹ́ rẹ̀ wà nílẹ̀ lórí àpò: àdá, ọkọ́, ọ̀bẹ oríṣiríṣi. Ìkẹ́olúwa mú ọ̀bẹ kékeré kan, irú èyí tí káfíńtà fi ń sàmì sára igi kó tó ki ayùn bọ̀ ọ́. Ó fi àtàǹpàkò kọjá lórí ẹnu rẹ̀ ní ìbú, kò fà á ní gígùn kó má baà gé e. Bí ọmọkùnrin náà ṣe rí èyí, ó dákẹ́ àwàdà. Ó béèrè ẹni tó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di irin mú. Ìkẹ́olúwa ní bàbá òun ni, káfíńtà ni wọ́n ní Òkè-Ogbó n'Ífẹ̀, òun ló sì ń pọ́n irinṣẹ́ wọn.

Ó yí ọ̀bẹ náà sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. “Kò sí orúkọ lára ẹ̀.”

“Akínkúnlé Ògúndèjì.”

“Orúkọ ọ̀bẹ ni mo ń béèrè.”

“Ọ̀bẹ ò tíì lórúkọ. Ẹ lè sọ ọ́ lórúkọ bí ẹ bá ti ń mú un lọ.”

Ó rà á. Akínkúnlé kọ nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sára pátákó kékeré kan, ó ní bí ọ̀bẹ náà bá kú lẹ́nu kí oṣù kan tó pé, kó pe òun kó bú òun dáadáa. Nígbà tí ọkọ̀ gbéra, Ìkẹ́olúwa kò wẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi máa dé Ìpetumodù, ó ti mọ nọ́ńbà náà lórí.

Káfíńtà tó lórúkọ ni Bàbá Fákúnlé, baba tó bí i. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ti wà ní Òkè-Ogbó láti ìgbà tí títì ibẹ̀ ṣì jẹ́ erùpẹ̀. Ó mọ igi bí ẹni mọ ọmọ ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá di ti irinṣẹ́, ìlú tí wọ́n ti ṣe é ni í kọ́kọ́ wò. Láràárọ̀, Ìkẹ́olúwa ni í to irinṣẹ́ sórí tábìlì iṣẹ́, bí bàbá rẹ̀ sì ṣe fẹ́ ẹ ló ń tò ó: ti Íńgíláǹdì lápá ọ̀tún, níbi tí ọwọ́ yóò ti kọ́kọ́ bà á; ti Jámánì tẹ̀lé e; ti Ṣáínà wà nílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà nínú agolo kan, àwọn ni wọ́n ń yá àwọn tí kì í dá nǹkan padà. Ti Nàìjíríà kò ní àyè kankan.

Ó nídìí. Lọ́dún mọ́kànlélógún sẹ́yìn, ṣísẹ́lì tí alágbẹ̀dẹ àdúgbò kan rọ fún un ṣẹ́ níbi tó ti ń lu ihò sára ìrókò. Èérún irin fò, ó bà á lókè ojú òsì. Ìwọ̀n ìka kan ló fi yẹ ẹyinjú. Nígbà tó gbé irin náà padà lọ, alágbẹ̀dẹ ní kì í ṣe ẹ̀bi òun, ọwọ́ oníbàárà ló wúwo jù. Àpá náà ṣì la irun ojú rẹ̀ sí méjì, bó bá sì ti ń sọ̀rọ̀ irinṣẹ́, ọwọ́ rẹ̀ a máa lọ síbẹ̀ láìmọ̀.

Ìkẹ́olúwa ní tirẹ̀, etí ló fi ń ṣiṣẹ́. Ọdún mẹ́wàá ló wà nígbà tó kọ́kọ́ fi irin kan òkúta tí wọ́n fi ń pọ́n ọn, ó sì ti pé mẹ́rìnlélógún báyìí. Irin tó rọ̀ a máa wọ́ lórí òkúta bí ìgbín, kò ní dún. Èyí tó gan jù a máa han. Irin tó dára ní ohùn tirẹ̀, bí wọ́n bá sì kó ogún jọ, kò sí méjì tí ohùn wọn yóò bá ara mu àfi bó bá jẹ́ ọwọ́ kan náà ló ṣe wọ́n. Nígbà tó pọ́n ọ̀bẹ Ẹ̀dúnàbọ̀n náà, ohùn tín-ín-rín kan tó mọ́ gaara ló jáde, tí kò gbọ̀n láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó dà bíi pé ó ti gbọ́ ọ rí níbì kan. Ó gbìyànjú láti rántí, kò rántí, ó fi í sílẹ̀.

Oṣù kan pé, ọ̀bẹ kò kú. Ó pe Akínkúnlé síbẹ̀síbẹ̀.

“Ṣé ẹ pè láti bú mi ni?”

“Mo pè láti sọ pé mi ò rí ohun tí mo fẹ́ bú.”

Bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ láàárín wọn nìyẹn. Bí Akínkúnlé bá wá ra èédú n'Ífẹ̀, a máa yà sí abẹ́ igi fúrúùtù tó wà níwájú ilé ìyá ìyá Ìkẹ́olúwa, wọn a jókòó sórí bẹ́ǹṣì níbi tí ìyá àgbà ti lè máa rí wọn. Irin ló fi ń ṣe ẹ̀bùn. Ẹlòmíràn ìbá mú bisikíìtì wá. Òun a tú aṣọ, a gbé ọ̀bẹ tàbí ṣísẹ́lì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ jáde, a sì dákẹ́ títí Ìkẹ́olúwa yóò fi fà á lórí òkúta kékeré tó wà nínú àpò rẹ̀. Bó bá sọ pé ó dára, inú rẹ̀ a dùn títí dé Ẹ̀dúnàbọ̀n. Bó bá yọ ṣùtì, a padà lọ tún un rọ. “Adájọ́ mi” ló ń pè é. Ó sọ fún un bó ṣe ń wá sípíríńgì ọkọ̀ àjàgbé àtijọ́ kiri, bó ṣe jẹ́ pé bàbá bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́, bó ṣe kàwé díẹ̀ ní Póli kó tó padà sídìí ẹwìrì. Ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ wá di ẹni tí ìyá àgbà ń bẹ̀ pé kó jẹ́ kí àlejò mu omi.

Nígbà tó pé oṣù keje, Akínkúnlé ní òun fẹ́ wá rí bàbá. Ìkẹ́olúwa sọ fún ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ sọ fún ọkọ rẹ̀ níbi oúnjẹ àárọ̀.

Bàbá Fákúnlé kò bínú, ìyẹn gan-an ló sì jẹ́ kó nira. Ó ní òun kò ní ohun kan lòdì sí ìdílé Ògúndèjì, òun kò mọ ọmọkùnrin náà ní olè tàbí ọ̀lẹ. “Ṣùgbọ́n n kò lè fa ọmọ mi lé ẹni tí n kò lè di iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ mú.” Ọwọ́ rẹ̀ lọ sí irun ojú. Lẹ́yìn náà ló mú ṣísẹ́lì tó fẹ́ràn jù lórí tábìlì, èyí tó rà ní ọdún méjì sẹ́yìn ní ṣọ́ọ̀bù Alhaja Mùnírátù ní Lágéré. Ó ti yọ èèkù tó bá a wá, ó ti fi igi ọsàn gbẹ́ tirẹ̀ sí i, kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni bá òun pọ́n ọn. Ó nà án sí Ìkẹ́olúwa kó lè rí ọ̀rọ̀ tó wà lára rẹ̀: Íńgíláǹdì.

“Kó lọ ṣe irú èyí wá,” ló wí, “ká wá sọ̀rọ̀.”

Ọ̀rọ̀ tán. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ọrùn ọwọ́ bàbá ń dùn ún, ó sì ní ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì tó fẹ́ parí. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ó ní kí Ìkẹ́olúwa bá òun fi ṣísẹ́lì Íńgíláǹdì náà kan òkúta díẹ̀.

Ó fà á lẹ́ẹ̀kan, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ohùn tín-ín-rín, tó mọ́ gaara, tí kò gbọ̀n. Ó wá rántí ibi tó ti ń gbọ́ ọ: ní ìpẹ̀kun ṣọ́ọ̀bù, láti ọwọ́ bàbá rẹ̀, fún ọdún méjì gbáko. Ó yọ ọ̀bẹ kékeré rẹ̀ nínú àpò, ó fà á. Ó fa ṣísẹ́lì. Ó tún fa ọ̀bẹ. Ọwọ́ kan náà ló ṣe méjèèjì.

Ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi gbé fóònù Akínkúnlé. Ní ọjọ́ kẹrin, nígbà tí bàbá rẹ̀ lọ wo igi ní Mọ̀rọ̀, ó di ṣísẹ́lì náà sínú aṣọ, ó sì wọkọ̀ lọ sí Ẹ̀dúnàbọ̀n. Orí owú gan-an ló gbé e lé. Akínkúnlé tú aṣọ náà, ó rí i, ojú rẹ̀ kọ́kọ́ tàn bí ẹni rí ọmọ rẹ̀ tó ti rin ìrìn àjò. Lẹ́yìn náà ló wo ojú Ìkẹ́olúwa. Ìkẹ́olúwa sọ ohun tí bàbá rẹ̀ béèrè fún un.

Akínkúnlé kò purọ́. Ó ní ní ọdún tí òun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fúnra òun, òun gbé ṣísẹ́lì kiri gbogbo ṣọ́ọ̀bù tó wà n'Ífẹ̀. Alhaja Mùnírátù tilẹ̀ fi ọ̀kan gbẹ́ férémù ilẹ̀kùn ara rẹ̀, ó ní ó dára, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó wá béèrè pé, “Ìlú wo ni mo máa sọ fún oníbàárà?” Òun padà sílé, òun rọ òǹtẹ̀ tí yóò máa tẹ Íńgíláǹdì sára irin. Nígbà tí òun gbé e padà lọ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ náà lára, Alhaja kò béèrè nǹkan kan mọ́. Mẹ́rìnlélógún ni òun ṣe.

“Kí ló dé tí o fi dáwọ́ dúró?”

“Bàbá àgbà rí òǹtẹ̀ náà. Wọn ò bá mi wí. Wọ́n kàn ń pè mí ní Jọ́ọ̀nù látọjọ́ náà. ‘Jọ́ọ̀nù, fẹ́ná.’ ‘Jọ́ọ̀nù, wá jẹun.’ Oṣù méjì gbáko, títí mo fi ju òǹtẹ̀ náà sínú ihò ṣáláńgá.”

Ẹ̀rín fẹ́ gba ẹnu Ìkẹ́olúwa, ó gbé e mì. Akínkúnlé ti ń rí ọ̀nà mìíràn ní tirẹ̀, inú rẹ̀ sì ti ń dùn. Bàbá ti dán iṣẹ́ òun wò fún ọdún méjì, wọn ò mọ̀. Òun á rọ òmíràn, òun ò ní kọ nǹkan kan sí i, òun á gbé e wá. Wọn á fi wé tiwọn, wọn á rí i pé kò sí ìyàtọ̀.

“Wọ́n ní kí n ṣe irú èyí wá, Ìkẹ́. Mo ti ṣe é.”

“Ta ló ṣe é? Ka ohun tó wà lára ẹ̀ fún mi.”

Akínkúnlé wo irin náà. Ó fi àtàǹpàkò bo ọ̀rọ̀ náà.

“Bí o bá gbé òmíràn wá láìsọ èyí,” ni Ìkẹ́olúwa wí, “Bàámi á gbà ọ́, wọ́n á fi ayọ̀ gbà ọ́ pàápàá. Wọ́n á sì máa fi Íńgíláǹdì wọn wé tìẹ títí ọjọ́ ayé wọn, èmi á máa jókòó síbẹ̀, màá máa wo ojú wọn. Mi ò lè ṣe é. Bí o bá sọ fún wọn, ó ṣeé ṣe kí wọ́n lé ọ. Mo mọ̀. Mo ti fi ọjọ́ mẹ́ta rò ó.”

Kò tíì bá a sọ̀rọ̀ tó le tó bẹ́ẹ̀ rí. Ẹwìrì ti dákẹ́, iná ti ń rọlẹ̀. Akínkúnlé fi aṣọ nu ṣísẹ́lì náà dáadáa, ó dá a padà fún un.

“Ọjọ́bọ̀,” ló wí. “Màá wá l'Ọ́jọ́bọ̀.”

Ó wá lóòótọ́, pẹ̀lú aṣọ funfun tí kò bá ṣọ́ọ̀bù káfíńtà mu. Ó dọ̀bálẹ̀ sáàárín èérún igi, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ láìdìde. Ìyá Ìkẹ́olúwa, tó gbé omi wá, dúró pẹ̀lú ife lọ́wọ́. Bàbá Fákúnlé gbọ́ ọ tán, ó rẹ́rìn-ín.

Kò gbà á gbọ́ ni. Ó ní òun ti mọ gbogbo ọgbọ́n tí ọmọkùnrin ń dá bó bá fẹ́ fẹ́ ìyàwó, ti eléyìí tuntun létí òun. Ó ní kó dìde, kó gbọn aṣọ rẹ̀. Irú irin yìí, ní Ẹ̀dúnàbọ̀n? Òun ti lo ti Íńgíláǹdì kí wọ́n tó bí i.

Akínkúnlé ti múra sílẹ̀ fún ìbínú, kò múra sílẹ̀ fún ẹ̀rín. Ìgbà yìí ni ohùn kan ti ẹ̀yìn wá.

“Òtítọ́ ni, Bàámi. Mo gbọ́ ọ lórí òkúta.”

Bàbá rẹ̀ yíjú. Ìkẹ́olúwa dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀. Ó ní kí bàbá kó ṣísẹ́lì márùn-ún, èyí tó bá wù ú, òun á kọjú sí ògiri, kó máa fà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, òun á sọ ọ́. Bàbá Fákúnlé wo ìyàwó rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ wo ife omi. Ó kó márùn-ún.

Ó fa àkọ́kọ́. “Jámánì. Èyí tí ẹ rà nígbà tí wọ́n ń kọ́ ilé Olóyè Adébíyìí.”

Ó fa ìkejì. “Ṣáínà. Ó rọ̀, ẹ dá a padà sínú agolo.”

Ó fa ìkẹta. “Ṣáínà ni èyí náà, ṣùgbọ́n ó le, Bàámi, ó mọ́. Ó sàn ju ọ̀kan nínú ti Íńgíláǹdì yín lọ. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ sọ fún yín.”

Bàbá rẹ̀ pòṣé. Ó fa ìkẹrin.

“Òun gan-an nìyí. Íńgíláǹdì tòótọ́, ti ọdún tó kọjá. Ẹ gbọ́ bó ṣe ń wọ́.”

Ó fa ìkarùn-ún. Ìkẹ́olúwa fi ọwọ́ kan ògiri.

“Akínkúnlé,” ló wí.

Kò tíì pe orúkọ náà lójú bàbá rẹ̀ rí. Nígbà tó yíjú padà, bàbá ti na ọwọ́ sí i láti gba ọ̀bẹ Ẹ̀dúnàbọ̀n tó mọ̀ pé kì í kúrò nínú àpò rẹ̀. Ó di ojú méjèèjì, ó fa ọ̀bẹ, ó fa ṣísẹ́lì. Ó fa ọ̀bẹ. Ẹni tó ti fi ọdún méjì pọ́n irin kan kò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ ohùn rẹ̀ fún un. Ó gbé méjèèjì sílẹ̀ jẹ́jẹ́.

“Orí irin yìí ni mo fi ń búra fún àwọn èèyàn,” ló wí. “Mo ní kí wọ́n wá wo iṣẹ́ òyìnbó.” Ó yíjú sí Akínkúnlé. “Iṣẹ́ rẹ dára. Ìyẹn ló jẹ́ kí n bínú sí ọ. Ká ní kò dára ni, ǹ bá pè ọ́ lólè, kí n lé ọ lọ. Mélòó lo ṣe?”

“Mẹ́rìnlélógún, sà.”

“Lọ wá gbogbo wọn. Lójú ẹni tó ni ín ni kí o ti ha ọ̀rọ̀ yẹn kúrò, kí o sì kọ orúkọ ara rẹ sí i. Bí o bá ṣe é tán, máa bọ̀. Bí o kò bá ṣe é, má wá. Tèmi ni yóò kẹ́yìn.”

Ọ̀dọ̀ Alhaja Mùnírátù ni Akínkúnlé ti bẹ̀rẹ̀. Alhaja bínú. Ó ní òun kò béèrè, Akínkúnlé náà kò sọ, wàhálà wo ló wá dé lẹ́yìn ọjọ́ pípẹ́? Ṣùgbọ́n nígbà tó gbọ́ pé nítorí ìyàwó ni, ó ní Ọlọ́run ń gbọ́ ohun gbogbo, ó fa àga fún un, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rántí àwọn tó ra ṣísẹ́lì náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Oṣù mẹ́ta ló gbà á. Ó rìn gbogbo Ifẹ̀, ó rìn Modákẹ́kẹ́, ó dé Ìpetumodù, pẹ̀lú fáìlì, òòlù àti òǹtẹ̀ tuntun nínú àpò. Alẹ́ alẹ́ ni Ìkẹ́olúwa ń gbọ́ ìròyìn lórí fóònù. Káfíńtà kan ní Ìpetumodù fi pátákó lé e jáde, ó ní kó fi Íńgíláǹdì òun sílẹ̀ fún òun, ìgbà kẹta tó padà lọ ló tó jẹ́ kó fọwọ́ kan irin náà. Ẹnì kan ní bó bá ti ń kọ orúkọ, kó kúkú kọ nọ́ńbà fóònù sí i. Opó káfíńtà kan ní Modákẹ́kẹ́ ti ń fi tirẹ̀ la àgbọn, ó sì ní ohun tó bá wù ú ni kó kọ, kó má ti kú lẹ́nu. Ọ̀kan ti bá ẹni tó ni ín lọ sí Gàbọ́ọ̀nù, ọ̀kan ti já sínú kànga.

Ọ̀kan sì ti ṣẹ́. Lálẹ́ ọjọ́ tó rí ìyẹn, kò ṣàwàdà.

“Ṣé wàá sọ fún Bàámi?” ni Ìkẹ́olúwa béèrè.

“Ìwọ ńkọ́, kí lo rò?”

“Mo rò pé o ti mọ ohun tí o fẹ́ ṣe.”

Ọyẹ́ ti dé nígbà tó padà sí Òkè-Ogbó. Aṣọ iṣẹ́ ló wọ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ó dọ̀bálẹ̀, ó dìde, ó ní òun ti ṣe ogún, méjì kò ṣeé rí, ó sì sọ ibi tí wọ́n wà. Ti bàbá ni ìkẹrìnlélógún. Bàbá Fákúnlé ṣírò rẹ̀ lórí ìka.

“Ó ku ọ̀kan.”

Akínkúnlé tú aṣọ kan, ó sì gbé irin tó ṣẹ́ sí méjì sórí tábìlì iṣẹ́ náà. Ìyá Ìkẹ́olúwa, tó ń gbá èérún igi, dá ìgbálẹ̀ dúró. Ọwọ́ bàbá ti lọ sí irun ojú.

“Èyí ṣẹ́ mọ́ Ọ̀gbẹ́ni Ọlátẹ́jú lọ́wọ́ ní ọdún tó kọjá,” ni Akínkúnlé wí. “Kò pa wọ́n lára. Mo wo inú rẹ̀. Ẹ̀bi mi ni, sà. Mo kánjú tì í bọ omi, ó gan jù. Mo ti rọ òmíràn fún wọn, mo ti bẹ̀ wọ́n.”

Bàbá Fákúnlé mú àjákù méjèèjì. Ó wo ibi tí wọ́n ti pínyà fún ìgbà pípẹ́, ó ń yí wọn sí ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

“Ọdún mọ́kànlélógún,” ló wí. “Ọ̀rọ̀ kan yìí ni mo fẹ́ gbọ́ lẹ́nu ọkùnrin yẹn. Ó ní ọwọ́ mi ló wúwo.”

Ó gbé àjákù náà sínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀, ó ti í. Lẹ́yìn náà ló mú ṣísẹ́lì rẹ̀, èyí tó fẹ́ràn jù, ó fi fáísì dì í mú sára tábìlì fúnra rẹ̀, ó sì kúrò lójú ọ̀nà. Akínkúnlé fi fáìlì ha ọ̀rọ̀ náà títí ojú irin fi mọ́ lóló. Ó gbé òǹtẹ̀ tuntun lé e, ó wá dúró. Ó na òòlù sí Ìkẹ́olúwa. Ìkẹ́olúwa wo bàbá rẹ̀, bàbá rẹ̀ ń wo òrùlé bí ẹni tó ń ka páànù. Ó gba òòlù, ó sì lù ú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, gbá.

Bàbá Fákúnlé wọ awò ojú rẹ̀. “Ògúndèjì,” ló kà. “Ẹ̀dúnàbọ̀n.” Ó tún un kà sínú bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò. Ó tú u kúrò nínú fáísì, ó sì dá a padà sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀, lápá ọ̀tún, níbi tí ọwọ́ yóò ti kọ́kọ́ bà á. Ìfági Jámánì rẹ̀ wà níbẹ̀, kò kúrò. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má tilẹ̀ dá a lábàá. Ṣùgbọ́n ó lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó tú inú agolo wò, ó mú ṣísẹ́lì Ṣáínà tí ọmọ rẹ̀ ní ó le, ó wá gbé e sórí tábìlì pẹ̀lú àwọn yòókù láìwo ojú ẹnikẹ́ni.

“Ìyá Ìkẹ́,” ló wí, “nígbà tí ẹ bá ń kọ ohun ìdána fún àwọn ará Ẹ̀dúnàbọ̀n, ẹ kọ iṣu, ẹ kọ oyin, ẹ kọ gbogbo tiyín. Kí ẹ wá kọ ṣísẹ́lì mẹ́fà sí ìsàlẹ̀ fún mi. Kí wọ́n lórúkọ lára.”

“Ẹ̀yin ni ẹ kọ́kọ́ gba ṣísẹ́lì lórí ọmọ n'Ífẹ̀ yìí,” ni ìyàwó rẹ̀ wí, ó sì padà sídìí ilẹ̀ tó ń gbá, kí wọ́n má baà rí ojú rẹ̀.

Ìkẹ́olúwa sin Akínkúnlé dé etí títì. Oòrùn ọyẹ́ ti rọlẹ̀, ó pupa bí irin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú iná, eruku sì bo ojú gbogbo ilé. Wọ́n dúró de ọkọ̀. Ìgbà náà ni Ìkẹ́olúwa rí apá òsì rẹ̀.

“Irun ti hù.”

Akínkúnlé wò ó bí ẹni pé apá ẹlòmíràn ni. “Nínú oṣù mẹ́ta, ti Ọ̀gbẹ́ni Ọlátẹ́jú nìkan ni mo rọ. Ojú ọ̀nà ni mo wà.”

Ìkẹ́olúwa ki ọwọ́ bọ àpò, ó yọ ọ̀bẹ kékeré rẹ̀. Òun ló pọ́n ọn láàárọ̀ ọjọ́ náà. “Na apá.”

Ó nà án. Ìkẹ́olúwa di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú ní gbangba etí títì Òkè-Ogbó, níbi tí gbogbo èèyàn ti mọ̀ ọ́n ní ẹni tí kì í sọ̀rọ̀, ó sì fá ibì kan tó fẹ̀ bí ìka méjì, láìyára. Irun náà bọ́ sínú afẹ́fẹ́. Ibẹ̀ dán.

“Adájọ́ mi,” ni Akínkúnlé wí, “kí lẹ rí sí i?”

Ìkẹ́olúwa fẹ́ ẹnu ọ̀bẹ náà, ó dá a padà sínú àpò. Ọwọ́ rẹ̀ kejì kò fi ọrùn ọwọ́ Akínkúnlé sílẹ̀.

“Ó mú,” ló wí. “Bí ohun ìdána bá ti pé, màá bá ọ lọ.”